Àga Tó Fẹ́ Lọ Síbi Ìgbéyàwó Jẹ́jẹ́

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ o. Ọmọ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Jẹ́jẹ́ yìí, kò sí nǹkan jẹ́jẹ́ kan lára rẹ̀ láti orí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Bó bá ń bọ̀ lókèèrè, ilẹ̀kùn ti mọ̀, ife ti ń gbọ̀n lórí tábìlì. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ló fa orúkọ náà. Ọwọ́ wọn ló dàgbà sí, torí àwọn òbí rẹ̀ ti lọ láti ìgbà tí kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì. Gbogbo ìgbà tó bá ti fẹ́ ki eré mọ́lẹ̀ báyìí, Ìyá Àgbà á ti ké láti inú ilé: "Jẹ́jẹ́! Jẹ́jẹ́ o!" Àwọn ọmọ àdúgbò gbọ́ ọ títí, wọ́n ṣe bí orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn. Kò pẹ́ tó wọ ilé ìwé tí tíṣà gan-an fi ń pè é bẹ́ẹ̀, òun náà sì ń dáhùn.

Ibi kan ṣoṣo tí orúkọ yẹn ti bá a mu ni ìdí áyọ́ọ̀nù. Ilé alágbàfọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń lọ aṣọ. Tó bá ti na ṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ báyìí, ọrùn rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ mú, á lọ̀ ọ́ láti etí wá sí àárín kó má baà ṣẹ́ jọ, á wá bọ́ sí èjìká, á bọ́ sí apá, ó dẹ̀ máa ń bá aṣọ náà sọ̀rọ̀ ni. "Bàbá tó ní ẹ ti ń sanra o, bọ́tìnì yìí ti ń mí gúlegúle." Tó bá rí bùláòsì tí omi ọmú ti gbẹ sí léjìká òsì, á ti kígbe pe ọ̀gá rẹ̀: "Ọ̀gá, wọ́n ti bímọ nílé elépo! Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń gbé e!" Kò ní tíì rí ìyá ọmọ náà sójú o.

Ilé alágbàfọ̀ yìí náà ló ti pàdé Akẹ́rù. Iṣẹ́ Akẹ́rù ni kó máa bá àwọn tó ń kó kúrò nílé kan lọ sí òmíràn gbé ẹrù wọn. Òun àti àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú lọ́rì kan tó ti gbó ṣùgbọ́n tí wọ́n máa ń fọ̀ lójoojúmọ́. Bí àwọn ẹlòmíì ṣe ń de bẹ́líìtì mọ́dìí ni Akẹ́rù ń gbé téèpù kọ́ ìdí. Kì í gbé ẹrù wọ ilé ẹnikẹ́ni kó má wọn ẹnu ọ̀nà ná. Ọjọ́ tó gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ tuntun wá fún ọ̀gá Jẹ́jẹ́, ẹnu ọ̀nà ni Jẹ́jẹ́ dúró sí tó ń wòran.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹ má mira." Ló bá fa téèpù kọjá lẹ́yìn orí rẹ̀ láti òpó dé òpó.

Jẹ́jẹ́ wò ó tìyanu-tìyanu. "Ṣé aṣọ lẹ fẹ́ rán fún mi ni?"

"Ẹnu ọ̀nà ni mò ń wọ̀n." Ó ká téèpù rẹ̀, ó tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ aṣọ lẹ fẹ́, èmi náà ò kọ̀."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Òfin kan wà tí Akẹ́rù fi ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń sọ ọ́ bíi pé òun ló dá a sílẹ̀: "Ẹrù tó bá gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé, ó gbọ́dọ̀ lè gba ibẹ̀ jáde. Ó kù kéèyàn mọ bó ṣe máa yí i." Ó ti fi òfin yìí yọ bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá tó rí bí ihò eku. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di òfin yìí mú dáadáa, ó ṣì ń bọ̀ wá kojú ẹni tó ni ín.

Nígbà tí àwọn méjèèjì wá sọ fún Ìyá Àgbà pé àwọn fẹ́ fẹ́ra, Ìyá Àgbà bú sẹ́rìn-ín lórí àga wọn, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní kí Akẹ́rù wá jẹ búrẹ́dì. Inú wọn dùn dé góńgó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ju gbólóhùn sílẹ̀.

"Mo yọ̀ fún ọ, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n o mọ̀ mí. Èmi ò jókòó sórí àga ẹlòmíì mọ́ láyé mi. Bí àga mi bá máa lọ, mo lọ. Bí kò bá lọ, ẹ ó mú fọ́tò wá kí n wò."

Ó yẹ ká tiẹ̀ sọ̀rọ̀ àga yìí dáadáa. Ọkọ Ìyá Àgbà, Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà tó ti di olóògbé, ló kàn án fún ìyàwó rẹ̀ nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Igi líle ni látòkè délẹ̀, kò sí ìṣó kankan níbẹ̀, èèkàn igi àti àtè ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Apá rẹ̀ ọ̀tún ní ihò róbótó tí wọ́n gbẹ́ sí i fún ife tíì, apá òsì fẹ̀ tó láti gbé rédíò. Èèyàn méjì lè jókòó síbẹ̀ kí wọ́n má bára wọn jà. Àwọn aládùúgbò ń pè é ní Ìtẹ́. Orí Ìtẹ́ yìí ni Ìyá Àgbà ti ń wo títì láti ojú fèrèsé, tí wọ́n sì ń bá gbogbo ẹni tó bá ń kọjá wí.

Ṣé ẹ mọ ìdí tí wọn ò fi jókòó sórí àga ẹlòmíì mọ́? Àga rọ́bà ni. Ìyá Ẹ̀gbẹ́lé, tó ń gbé nílé kejì sí tiwọn, ló ṣe ìnáwó kékeré kan lọ́jọ́sí. Wọ́n gbé àga rọ́bà fún Ìyá Àgbà, wọ́n ní kí gbogbo ìyá wá ya fọ́tò. Bí onífọ́tò ṣe ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni àga ya ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyá Àgbà ti wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ lókè, gèlè lójú, onífọ́tò sì ti tẹ̀ ẹ́. Wọn ò ṣèṣe o, ìtìjú ló pọ̀. Ìyá Ẹ̀gbẹ́lé ní fọ́tò náà dára, pé ojú òun hàn dáadáa níbẹ̀, ló bá gbé e sínú férémù, ó gbé e kọ́ pálọ̀! Ẹni tó bá wá bẹ Ìyá Ẹ̀gbẹ́lé wò ní láti wo Ìyá Àgbà nílẹ̀ kó tó jókòó. Látọjọ́ náà, Ìyá Àgbà ò lọ sóde ẹnikẹ́ni mọ́.

Jẹ́jẹ́ dìde. "Màmá, ẹ gbọ́ mi. Tí ẹ ò bá jókòó níwájú lọ́jọ́ yẹn, èmi ò ní sọ 'bẹ́ẹ̀ ni' fún ẹnikẹ́ni."

"Fún Akẹ́rù ńkọ́?"

"Fún Akẹ́rù gan-an!"

Akẹ́rù tó ti fi búrẹ́dì sẹ́nu ò mọ̀ bóyá kóun gbé e mì tàbí kóun tú u jáde. Ìgbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún le, ó fa téèpù yọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọn Ìtẹ́ níbùú, ó wọ̀n ọ́n lóròó, Ìyá Àgbà sì wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ń mu tíì wọn lọ. Ó gbé ọ̀pá ìnulẹ̀ kan tó ti já, ó gé e kó bá ìbú àga náà mu géérégé, ó gbé e lé Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́.

"Gbogbo gbọ̀ngàn tí a bá lọ wò, gbé ọ̀pá yìí dábùú. Tó bá kọjá, Màmá ti wọlé nìyẹn."

"Ṣé o ò ní fi téèpù wọ̀n ọ́n ni?"

"Mo máa wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ojú ni ọ̀pá yìí wà fún. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé a ò ṣeré."

Àwọn èèyàn rí i lóòótọ́.

Ìyá Akẹ́rù bá wọn lọ. Ìyá Onídìrí ni wọ́n ń pe ìyá náà, torí ṣọ́ọ̀bù irun ni wọ́n ní, àwọn ni wọ́n sì máa di irun ìyàwó. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá nínú gbọ̀ngàn: àtẹ̀gùn. "Ìyàwó mi, orí àtẹ̀gùn ni wàá ti máa sọ̀ kalẹ̀ wá, díẹ̀díẹ̀, kí gbogbo ayé lè rí irun yẹn láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́, àti láti ẹ̀yìn. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ? Kí lèèyàn fẹ́ rí lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ?"

Gbọ̀ngàn àkọ́kọ́ ní àtẹ̀gùn. Dígí wà lára gbogbo ògiri rẹ̀, Ìyá Onídìrí rí ara wọn níbi mẹ́fà, inú wọn dùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún gèlè ṣe. Ṣùgbọ́n òkè pátápátá ni gbọ̀ngàn náà wà, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì ṣẹ́ kọ́rọ́ láàárín. Jẹ́jẹ́ gbé ọ̀pá dábùú, ó ń gòkè, ó dé kọ́rọ́ yẹn, ó yí. Ìkòkò òdòdó kan ló kọ́kọ́ dáhùn. Gbàà! Obìnrin tó ń fi gbọ̀ngàn hàn wọ́n sáré bọ̀.

"Àǹtí, kí lẹ ń wá?"

"Ìyá wa àgbà ni."

"Ìyá àgbà dà?"

"Àwọn nìyí." Jẹ́jẹ́ na ọ̀pá sí i. Obìnrin náà wo ọ̀pá, ó wo Jẹ́jẹ́, ó rọra sún sẹ́yìn.

Èkejì ò ní ilẹ̀kùn rárá. Ọgbà òdòdó ni, létí odò, atẹ́gùn ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Akẹ́rù ní ibí dáa, afẹ́fẹ́ ò ní òpó. Ṣùgbọ́n Ìyá Onídìrí wọ bàtà gogoro lọ. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan, ó wọlẹ̀. Wọ́n gbé ìkejì, ó wọlẹ̀. Wọ́n fa ẹsẹ̀ yọ, bàtà ní òun ò lọ. Akẹ́rù wo bàtà ìyá rẹ̀ tó dúró nínú koríko bí igi tí wọ́n gbìn, ó mi orí. "Tí bàtà mọ́mì bá rì báyìí, tí a bá gbé Ìtẹ́ síbí, tí Màmá sì jókòó lé e, kó tó di pé wọ́n gé kéèkì, orí Màmá nìkan la ó máa rí."

"Ẹ bá mi yọ bàtà mi ná kẹ́ ẹ tó máa ri ìyá ẹlòmíì mọ́lẹ̀!" Ìyá Onídìrí ń fi ẹsẹ̀ kan tọ kiri.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ ká má sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá ni, ilẹ̀kùn dígí rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tó máa ń yí bírípo bírípo, tó jẹ́ pé èèyàn á wọnú rẹ̀ tán, á máa bá a yí títí á fi tú u sínú ilé. Àwọn yòókù gba ilẹ̀kùn kékeré ẹ̀gbẹ́ wọlé. Jẹ́jẹ́ ò wo ẹ̀gbẹ́ rárá. Ó gbé ọ̀pá dábùú, ó tì í wọlé. Ilẹ̀kùn yí díẹ̀, ó há. Jẹ́jẹ́ wà nínú dígí bí ẹja, ọ̀pá ò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn, ọkùnrin oníṣòwò kan tó wọ kóòtù há sí ìdajì kejì, ó ń lu dígí.

Mẹ́gáàdì òtẹ́ẹ̀lì náà sún mọ́ dígí. "Àǹtí, ẹ fi ọ̀pá sílẹ̀."

"Mi ò lè fi í sílẹ̀! Ìyá mi ni!"

Mẹ́gáàdì yíjú sí Akẹ́rù. "Ọ̀gá, ṣé ara wọn yá báyìí?"

"Ìyàwó mi ni," ni Akẹ́rù wí, ó ti ń wọn ilẹ̀kùn náà lọ́wọ́. "Kò gbà á, Jẹ́jẹ́! Ó fi bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan dín!"

"Mo ti mọ̀!" ni Jẹ́jẹ́ ké látinú dígí.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, ibi tó gba ọ̀pá náà wọlé jẹ́ ibi tí kò sẹ́ni tó rò. Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan ni, wọ́n ti kùn ún ní funfun, wọ́n ti so iná mọ́ òkè rẹ̀, wọ́n ń fi í ṣe ayẹyẹ. Lọ́rì ló ń wọ ibẹ̀ já ẹrù láyé ọjọ́un, nítorí náà ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gbòòrò bí ẹnu ẹni tó ń yán. Jẹ́jẹ́ gbé ọ̀pá dábùú, ó sáré wọlé, ó sáré jáde, ó tún sáré wọlé, kò kan nǹkankan. Ó bú sẹ́kún ayọ̀. Ìyá Onídìrí wo gbogbo igun ibẹ̀.

"Àtẹ̀gùn dà?"

"Kò sí, mọ́mì."

"Kò tiẹ̀ sí ẹyọ kan? Ibi tí wọ́n ti ń gun nǹkan kékeré?"

"Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni, mọ́mì. Ẹ má bínú."

Ìyá Onídìrí mí kanlẹ̀, wọ́n fọwọ́ lẹ́rán. Wọ́n ní nítorí Ìyá Àgbà, ó dáa. Ṣùgbọ́n títí wọ́n fi délé ni wọ́n ń sọ ọ́ nínú ọkọ̀: irun yẹn, orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ.

Ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó ni Akẹ́rù àti àwọn èèyàn rẹ̀ méjèèjì gbé lọ́rì wá gbé Ìtẹ́. Wọ́n fẹ́ gbé e síwájú gbọ̀ngàn sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá Àgbà bọ́ síta kí ààyè lè gba àwọn ọkùnrin, wọ́n dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, ife tíì ń bẹ lọ́wọ́ wọn, ojú wọn ò sì rí bíi tojú ìyá ìyàwó. Jẹ́jẹ́ rò pé ẹ̀yìn ló ń ro wọ́n.

Àwọn ọkùnrin gbé àga, ó di ẹnu ọ̀nà. Ó dúró.

"Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ gbé e," ni Akẹ́rù wí.

Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ gbé e. Ó dúró.

"Ẹ yí orí rẹ̀ sílẹ̀." Ó dúró. "Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ṣáájú." Ẹsẹ̀ méjì jáde, ó wá há pátápátá, kò jáde mọ́, kò wọlé mọ́, Ìtẹ́ doríkodò láàárín ẹnu ọ̀nà bí ewúrẹ́ tó ki orí bọ ọgbà. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin wà nínú yàrá tó ń tì í, Akẹ́rù wà níta tó ń fà á, òógùn bò wọ́n.

Jẹ́jẹ́ gbé ọ̀pá rẹ̀ wá. Ó gbé e dábùú ẹnu ọ̀nà Ìyá Àgbà. Kò kọjá. Kò tiẹ̀ sún mọ́ kíkọjá. Gbogbo wọn wo ọ̀pá náà. Wọ́n ti gbé e kiri gbogbo ìlú, ẹnu ọ̀nà yìí nìkan ni ẹnikẹ́ni ò gbé e dábùú rí.

"Kò ṣeé ṣe," ni Akẹ́rù wí, ó ń mí hẹ̀lẹ̀. "Ẹrù tó bá gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé, ó gbọ́dọ̀..."

"Ta ló sọ fún ọ pé ó gba ibẹ̀ wọlé?"

Ìyá Àgbà ni. Gbogbo ojú yí sí wọn.

"Òjò ń rọ̀ lọ́dún yẹn, òrùlé ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi ń jò," ni Ìyá Àgbà wí, wọn ò gbójú sókè láti inú ife. "Ó kó pákó wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, inú yàrá yìí ló ti kàn án. Nígbà tó parí, ó fẹ́ gbé e síta kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá wò ó. Ibi tí ẹ dúró sí yẹn gan-an lòun náà dúró sí, tó ń fi orí rẹ̀ họ. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní tí wọ́n bá bi mí, kí n ní torí olè lòun ṣe kàn án bẹ́ẹ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín, Akẹ́rù wò ó, ó gbé ẹ̀rín mì. Akẹ́rù ní bó bá ṣe báyìí ni, ká mú ayùn wá, ká gé apá kan, a ó tún lẹ̀ ẹ́ pa dà.

"Gé kí ni?" Jẹ́jẹ́ ti dúró síwájú àga. "Iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá? Gé mi ná!"

Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ Jẹ́jẹ́ á mọ̀ pé ìyẹn ló bani lẹ́rù jù. Nígbà tó pẹ́, ó gbójú sókè.

"Màmá. Ẹ ti mọ̀ látọjọ́ yìí pé kò lè jáde."

Ìyá Àgbà gbé ife tíì bo ẹnu.

"Ẹ kàn sọ ọ́ kẹ́ ẹ má baà wá ni."

"Mo rò pé wàá bínú fúngbà díẹ̀, wàá sì gbà pé kí n jókòó sílé," ni Ìyá Àgbà wí. Ohùn wọn ti rẹlẹ̀. "Mi ò mọ̀ pé wàá máa gbé ọ̀pá kiri ìlú bí ẹni tó ń wá ejò. Lójoojúmọ́ lò ń dé tí ò ń sọ fún mi, ò ń rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sọ ọ́, kò jáde lẹ́nu mi. Ọmọ mi, fọ́tò yẹn ṣì wà ní pálọ̀ wọn o. Àwọn tó máa wá síbi ìgbéyàwó ẹ náà ló ń lọ síbẹ̀. Bí mo bá tún ṣubú lójú wọn ńkọ́? Lọ́jọ́ tìẹ?"

Jẹ́jẹ́ wọ́ sún mọ́ wọn. Ó di ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà mú.

"Ẹ̀yìn ń ro mí," ni Ìyá Àgbà wí. "Ibo ni n ó jókòó sí báyìí?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn o, torí àga wọn ló dí ẹnu ọ̀nà, wọn ò sì lè wọlé ara wọn. Bẹ́ńṣì ò sí lọ́dẹ̀dẹ̀. Ọmọ Ìyá Ẹ̀gbẹ́lé tiẹ̀ yọjú láti ilé kejì, ó ní kóun gbé àga rọ́bà wá bí? Ojú tí Ìyá Àgbà fi wò ó, ọmọ náà padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ni Akẹ́rù bá ṣí ilẹ̀kùn iwájú lọ́rì. "Màmá, ẹ bá wa jókòó síbí ná, kí á yọ Ìtẹ́ pa dà sílé." Ó dì wọ́n lápá kan, Jẹ́jẹ́ dì wọ́n lápá kejì, wọ́n gun àtẹ̀gùn lọ́rì méjèèjì, wọ́n jókòó.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n di ìjókòó mú, wọ́n mì í. Kò mì. Wọ́n tún fi ìdí tì í.

"Kí ni wọ́n fi kan èyí?"

"Nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi dè é, Màmá. Irin mọ́ irin."

"Kò lè yasẹ̀?"

"Àfi tí lọ́rì bá yasẹ̀, Màmá."

Ìyá Àgbà fẹ̀yìn tì í. Wọ́n mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá wo iwájú, ojú wọn là. Láti ibẹ̀, wọ́n rí títì látòkè délẹ̀. Wọ́n rí òrùlé. Wọ́n rí inú ọgbà àwọn tí wọn ò tíì rí inú ọgbà wọn rí. "Ẹ̀n-ẹ́n! Ibi tí aṣọ mi tó sọnù lọ nìyẹn!" Wọ́n na ọwọ́, ìgbọ̀nwọ́ wọn kan họ́ọ̀nù. Póòòn! Ajá kan sá. Ìyá Àgbà wo họ́ọ̀nù náà, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Jẹ́jẹ́ yíjú sí Akẹ́rù. Akẹ́rù náà yíjú sí i.

"Gbọ̀ngàn yẹn," ni Jẹ́jẹ́ wí, "ilé ìkẹ́rùsí ni."

"Lọ́rì ló ń wọ ibẹ̀," ni Akẹ́rù wí. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ síbi téèpù.

"Màmá! Ẹ̀yin lẹ sọ pé bí àga yín bá lọ, ẹ lọ."

"Èyí kì í ṣe àga mi."

"Àmọ́ ẹ ò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀."

Ìyá Àgbà ronú. Wọ́n wo ẹ̀yìn wọn, irin ni. Wọ́n wo ẹ̀gbẹ́, ilẹ̀kùn ni. "Ẹnì kan ò lè yọ àga kúrò nídìí mi níbí?"

"Ta ni, Màmá? Òmìrán?"

Wọ́n na ọwọ́ sí iwájú ọkọ̀ náà. "Ẹ bá mi gba ojú fèrèsé mú rédíò mi wá," ni Ìyá Àgbà wí, "kí n wò ó bóyá àyè rẹ̀ wà níwájú yìí." Jẹ́jẹ́ mọ̀ pé wọ́n ti gbà nìyẹn.

Ó ku Ìyá Onídìrí. Lórí fóònù ni Jẹ́jẹ́ ti sọ fún wọn, gbogbo àwọn tó wà lọ́dẹ̀dẹ̀ sì ń gbọ́ ariwo wọn. "Lọ́rì? Lọ́rì nínú gbọ̀ngàn? Níbi ìgbéyàwó ọmọ tí mo bí? Ṣé ẹ máa já símẹ́ńtì ni?"

"Mọ́mì," ni Jẹ́jẹ́ wí, ó rọra sọ ọ́, "inú lọ́rì lèmi náà máa bá Màmá jókòó wọlé. Lọ́rì náà ní àtẹ̀gùn o."

Ariwo náà rọlẹ̀.

"Àtẹ̀gùn mélòó?"

"Méjì, mọ́mì."

"Ó kéré," ni Ìyá Onídìrí wí. "Ṣùgbọ́n tó o bá rọra sọ̀ ọ́, á tó."

Nígbà tó di ọjọ́ ìgbéyàwó, wọn ò tan ẹ́ńjìnnì lọ́rì kí èéfín má baà ba gáùn jẹ́. Títì ni wọ́n tì í wọlé. Gbogbo ọkùnrin tó wọ kóòtù fọwọ́ tì í látẹ̀yìn, Akẹ́rù náà wà láàárín wọn tó ń tì í, òun ọkọ ìyàwó, téèpù wà nídìí rẹ̀ lábẹ́ kóòtù. Lọ́rì tí wọ́n ti fọ̀ títí tó ń dán rọra yọ́ wọ gbọ̀ngàn, Ìyá Àgbà níwájú, gèlè wọn kan òkè, wọ́n ń juwọ́. Jẹ́jẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nínú gáùn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀, tó jẹ́ pé kò sí ibi kan tó ṣẹ́ lára rẹ̀. Ilẹ̀kùn lọ́rì ṣí. Jẹ́jẹ́ gbé ẹsẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, bíi pé ó fẹ́ fò.

"Jẹ́jẹ́!" ni Ìyá Àgbà ké. "Jẹ́jẹ́ o!"

Ó dúró. Ó rọra gbé ẹsẹ̀ sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Ó rọra yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó rọra sọ̀ sí èkejì. Ìyá Onídìrí ti bú sẹ́kún, wọ́n ń lu ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn léjìká: "Ẹ wo ẹ̀yìn irun yẹn! Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀!"

Akọ̀wé ìjọba tó wá so wọ́n pọ̀ dúró síwájú lọ́rì, ó ka ìwé tirẹ̀, ó sì béèrè bóyá ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀ tó ní ìdí tí kò fi yẹ kí àwọn méjèèjì fẹ́ra. Gbogbo gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́.

Póòòòn!

Akọ̀wé fò sókè. Ọwọ́ Akẹ́rù lọ síbi téèpù rẹ̀. Gbogbo èèyàn gbójú sókè wo Ìyá Àgbà.

"Ìgbọ̀nwọ́ mi ni!" ni Ìyá Àgbà ké láti ojú fèrèsé lọ́rì. "Ẹ máa bá a lọ! Ẹ so wọ́n pọ̀ kíá, kí n má tún tẹ̀ ẹ́!"

Jẹ́jẹ́ ò dúró kí akọ̀wé bi í. "Bẹ́ẹ̀ ni!" ló pariwo. "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni!"

Wọ́n ya fọ́tò tí kò lóǹkà. Èyí tó dára jù ni ibi tí gbogbo èèyàn ti dúró nílẹ̀, tí Ìyá Àgbà sì wà lókè wọn lẹ́nu fèrèsé lọ́rì, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ni ọkọ̀. Ìyá Ẹ̀gbẹ́lé náà wà níbẹ̀, ní ìsàlẹ̀ taya, ojú rẹ̀ hàn dáadáa. Kò pẹ́ sígbà náà tí Ìyá Àgbà fi gbé férémù tuntun dání, wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sílé kejì, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìṣubú yẹn. Wọ́n yọ fọ́tò àtijọ́ kúrò lára ògiri, wọ́n gbé tuntun kọ́ sípò rẹ̀, wọ́n sún sẹ́yìn wò ó bóyá ó dọ́gba.

"Ó mà dáa o, ojú mi hàn," ni Ìyá Ẹ̀gbẹ́lé wí. Ó fa àga rọ́bà kan síwájú. "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n po tíì fún yín."

Ìyá Àgbà wo àga rọ́bà náà látòkè délẹ̀. Wọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Po tíì ná," ni wọ́n wí. "Màá mu ún lórí ìdúró."